Ta Ló Tún Mọ̀ Ọ́n? Ìṣírò Owó Ẹ̀ka IT ní Marina, àti Àwọn Tí Wọ́n Rán Lọ Kọ́ṣẹ́ Lókè Òkun

Láti Ìgà Ìdúngánràn ní Ìsàlẹ̀ Èkó dé Marina, ẹsẹ̀ lásán gbé èèyàn débẹ̀. Ẹ gba Ìdúmọ̀tà, ẹ kọjá Balógun, ẹ bọ́ sí Broad Street, ẹ ti ń rí àwọn ilé gíga báǹkì níwájú nìyẹn. Àmọ́ ní ti oníṣòwò tó ń ta aṣọ ní Balógun, ọ̀nà yẹn tún kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oníbàárà á tẹ fóònù, owó á kọjá sí Marina, á padà, alert á wọlé, wọ́n á di ọjà fún un. Bí alert ò bá wọlé, ọjà ò ní kúrò nílẹ̀, oníbàárà ò ní lè lọ, àwọn méjèèjì á wá máa wojú ara wọn.

Tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ohun tí a máa ń sọ ni pé "nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa." Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó bà jẹ́ lónìí ti bà jẹ́ látorí ìwé ìṣúná ní ọdún méjì sẹ́yìn: owó kan tí wọn ò ná, tàbí ẹnì kan tí wọn ò kọ́. Àwa tí a ń ka sáyẹ́ǹsì, algorithm la máa ń sọ ṣáá. A kì í sábà jókòó ti owó. Nítorí náà, lónìí mo fẹ́ kí a jọ ṣírò owó ẹ̀ka IT bíi ti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó wà ní Marina. Ẹ máa rí i pé nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń fi dọ́là rà, ìmọ̀ tó wà lórí èèyàn ló yára sọnù jù, òun náà ló sì rọrùn jù láti dáàbò bò.

Iye tí wọ́n fi ra danfo kọ́ ni iye tí danfo ń jẹ

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí gbogbo wa mọ̀. Ẹni tó fẹ́ ra danfo tó máa ná Obáléńdé sí CMS kì í béèrè iye ọkọ̀ nìkan. Á ṣírò epo, á ṣírò táyà, á ṣírò mẹkáníìkì, á ṣírò owó ẹgbẹ́ àti ti ọmọ ọkọ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ á dá a dúró láàárín oṣù mẹ́ta.

Sọ́fítíwíà báǹkì náà rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó tóbi jù nínú wọn ni èyí tó ń tọ́jú àkáǹtì gbogbo oníbàárà: òun ló mọ iye tó wà nínú àkáǹtì yín, òun ló ń yọ, òun ló ń fi kún un. Púpọ̀ nínú àwọn tí báǹkì ilẹ̀ wa ń lò, òkè òkun ni wọ́n ti ń ṣe é. Finacle jẹ́ ti Infosys, ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Íńdíà tó fi Bengaluru ṣe ibùjókòó. Flexcube jẹ́ ti Oracle. T24 jẹ́ ti Temenos, tó wà ní Geneva ní ilẹ̀ Switzerland.

Ká mú àpẹẹrẹ kan. Iye inú ẹ̀, èmi ni mo fi síbẹ̀ kí ìṣírò lè rọrùn. Ká ní ilé iṣẹ́ kan ra láísẹ́ǹsì sọ́fítíwíà ní dọ́là 200,000. Lọ́dọọdún, wọ́n á tún san owó ìtọ́jú, èyí tó máa ń tó nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 iye tí wọ́n rà á. Ìyẹn dọ́là 40,000 lọ́dún. Láàárín ọdún márùn-ún, bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í san ìtọ́jú ní ọdún kejì, owó ìtọ́jú nìkan á jẹ́ dọ́là 160,000. Àpapọ̀ ẹ̀ di 360,000. Ẹ ò tíì ka server, ẹ ò tíì ka dísẹ́ẹ̀lì tí jẹnẹrétọ̀ ń mu, ẹ ò tíì ka ẹ̀rọ amúlétutù tó gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru kí server má bàa gbóná kú, ẹ ò sì tíì ka owó oṣù.

Ọ̀gá IT tó bá gbé 200,000 nìkan lọ síwájú ìgbìmọ̀ olùdarí ti ṣe bí ẹni tó ra danfo láìra epo. Lọ́dún kejì, á padà wá tọrọ owó, wọ́n á ní ó ń náwó ní ìnákúnàá.

Náírà ló ń wọlé, dọ́là ló ń jáde

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Oníbàárà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, náírà ló ń san. Bengaluru àti Geneva, dọ́là ni wọ́n ń gbà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí ₦460 ní ọjà ìjọba. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, Báǹkì Àpapọ̀ yí ètò pàṣípààrọ̀ padà, wọ́n ní kí ọjà máa sọ iye rẹ̀. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ó ti lé ní ₦1,500.

Ẹ gbé owó ìtọ́jú wa, dọ́là 40,000, wá síbí:

Ní ₦460: ₦18.4 mílíọ̀nù.
Ní ₦1,500: ₦60 mílíọ̀nù.

Ẹni tó ta sọ́fítíwíà ò fi kọ́bọ̀ kan lé e. Ilé iṣẹ́ ò ra ohun tuntun kankan. Síbẹ̀, owó tí wọ́n ń san ti di ìlọ́po mẹ́ta ó lé díẹ̀. Báwo ni ọ̀gá IT ṣe máa ṣàlàyé èyí fún akáúńtáǹtì? Ọ̀nà kan tó bójú mu ni pé kó ya ìwé ìṣúná ẹ̀ sí ọ̀wọ́ méjì láti ìbẹ̀rẹ̀: ohun tí à ń fi dọ́là san níhìn-ín, ohun tí à ń fi náírà san lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà, kó ṣírò ọ̀wọ́ dọ́là lẹ́ẹ̀mẹta: bí dọ́là bá dúró síbi tó wà, bó bá gòkè díẹ̀, bó bá gòkè gan-an. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí dọ́là máa dé. Àmọ́ gbogbo èèyàn lè mọ iye tó máa ná wa bó bá débẹ̀.

Ọdún 2024 ni ọ̀pọ̀ báǹkì wa ṣí kúrò lórí sọ́fítíwíà kan bọ́ sórí òmíràn. GTBank lọ sórí Finacle, Zenith lọ sórí Flexcube. Sterling Bank, tí ọ́fíìsì ńlá ẹ̀ wà ní Marina níbẹ̀, gba ọ̀nà tó yàtọ̀: ó kúrò lórí T24, ó bọ́ sórí SeaBaaS, èyí tí àwọn ọmọ Nàìjíríà kọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣí kiri, àwọn oníbàárà kan ò rí owó wọn lò fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ìmọ̀ fi ṣe pàtàkì ju láísẹ́ǹsì lọ, kó wo ọ̀sẹ̀ yẹn. Sọ́fítíwíà tuntun ti wà nílẹ̀, wọ́n ti sanwó ẹ̀. Àwọn tó mọ bí a ṣe ń gbé àkáǹtì àràádọ́ta ọ̀kẹ́ èèyàn láti ibì kan sí ibòmíràn láìjẹ́ kí nǹkan jábọ́ lójú ọ̀nà ni gbogbo ìlú ń wò.

Owó tó dà bí ìfiṣòfò

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà mẹ́rin abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bà jẹ́ nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Iṣẹ́ dẹnu kọlẹ̀ ní báǹkì púpọ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ti ń sanwó fún ọ̀nà míì tẹ́lẹ̀ rí ibi sá sí.

Ẹ fojú inú wo ọ̀gá IT kan tó ti ń san owó ọ̀nà kejì yẹn fún ọdún mẹ́ta láìlò ó. Lọ́dọọdún, akáúńtáǹtì á bi í pé, "Kí ni eléyìí wà fún?" Kò ní ohun kan tó lè fi hàn án. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó di ohun tó níye lórí jù nínú ilé náà.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní òfin kan tí wọn kì í fi ṣeré: ohunkóhun tó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, tó sì jẹ́ pé bó bá kú gbogbo iṣẹ́ á dúró, ẹ wá èkejì sí i. Wọ́n ń ṣe é fún wáyà, wọ́n ń ṣe é fún server, wọ́n ń ṣe é fún jẹnẹrétọ̀. Mo wá bi ara mi pé, kí ló dé tí wọn kì í ṣe é fún èèyàn?

Kí ni wọ́n ń lọ kọ́ lókè òkun gan-an?

Àwọn kan gbà pé ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ ò ju ìgbádùn lọ: fò lọ, ya fọ́tò, ná estacode, padà. Irú ẹ̀ wà, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Àmọ́ ìdí gidi tún wà. Bí wọ́n bá ṣe sọ́fítíwíà ní Bengaluru, àwọn tó mọ inú ẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ ni wọ́n wà. Máníjà tó bá lọ síbẹ̀ á rí bí báǹkì ilẹ̀ míì ṣe ń lò ó, á mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n yí ẹ̀dà ẹ̀ padà, á mọ ohun tó wà nínú àdéhùn láísẹ́ǹsì tí a lè dúnàá dúrà lé lórí. Èyí tó kẹ́yìn yìí nìkan lè dá owó bàálù padà. Ẹni tó mọ̀ pé láísẹ́ǹsì ènìyàn 500 ni wọ́n ń san, nígbà tó jẹ́ pé ènìyàn 300 ló ń lò ó, ti rí owó ní ìdúró.

Kì í ṣe òní ni èyí bẹ̀rẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1960, IBM ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ènìyàn láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ìyẹn ni pé ó ti ṣẹlẹ̀ rí kí olùkọ́ wá bá akẹ́kọ̀ọ́ dípò kí akẹ́kọ̀ọ́ wọ bàálù lọ bá olùkọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sórí ẹ̀.

Nígbà tí dọ́là bá wọ́n, ẹ̀kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gé. Mo mọ ìdí ẹ̀: bí o bá gé láísẹ́ǹsì, iṣẹ́ á dúró lọ́la, bí o bá gé ẹ̀kọ́, kò sóhun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́la. Ó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹgbò tí kì í dunni lọ́jọ́ tó ṣe wá, ẹ mọ̀ pé òun ló ń jinlẹ̀ jù.

Ẹ ju ẹyọ owó sókè

Ìṣírò tó wù mí jù nìyí, ó sì rọrùn.

Ká ní ó ná ilé iṣẹ́ kan ní dọ́là 10,000 láti rán máníjà kan lọ kọ́ṣẹ́: owó ẹ̀kọ́, tíkẹ́ẹ̀tì, físà, hòtẹ́ẹ̀lì, estacode. Ní ₦1,500, ₦15 mílíọ̀nù nìyẹn. Ká tún ní, nítorí japa àti nítorí àwọn ilé iṣẹ́ míì tó ń fi owó ńlá fà wọ́n, ìṣeéṣe pé ẹni náà á ti kúrò kí ọdún méjì tó pé jẹ́ ìdajì. Bí ẹni tó ju ẹyọ owó sókè: orí, ó dúró, ìdí, ó lọ.

Bó bá jẹ́ òun nìkan ló mọ iṣẹ́ yẹn, ewu pé ìmọ̀ náà á sọnù pátápátá jẹ́ 1 nínú 2.

Bí ẹni méjì bá mọ̀ ọ́n, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ lọ kí ìmọ̀ tó sọnù. Ewu ẹ̀ di 1 nínú 4. Ẹni mẹ́ta, 1 nínú 8. Ẹni mẹ́rin, 1 nínú 16.

Ẹ wo bí ewu ṣe ń já wálẹ̀. Ṣé ká wá rán ẹni mẹ́rin lọ nìyẹn? Ìyẹn á jẹ́ ₦60 mílíọ̀nù. Rárá o. Ẹ rán ẹnì kan, kó padà wá kọ́ ẹni mẹ́ta. Owó bàálù ò kúrò ní ₦15 mílíọ̀nù. Ohun tó kù kí ilé iṣẹ́ san ni àkókò: bóyá ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹni mẹ́rin máa fi jókòó, àti server kékeré kan tí wọ́n á fi dánra wò láìfọwọ́ kan ti oníbàárà. Náírà ni gbogbo ìyẹn.

Tàbí kí olùkọ́ wá bí ti Ìbàdàn ìjelòó. Bó bá ná wa ní dọ́là 15,000 láti gbé olùkọ́ kan wá sí Èkó fún ọ̀sẹ̀ kan, tí ẹni 12 jókòó gbọ́ ọ, dọ́là 1,250 ló já sí lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n á pàdánù ni ojú tó máa ń là bí èèyàn bá rí ilé iṣẹ́ ẹlòmíràn, àti àwọn ojúlùmọ̀ tí wọ́n á máa pè bí nǹkan bá dojú rú lóru. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi òótọ́ kan kún un o. Ìṣírò ẹyọ owó yìí gbà pé ìpinnu ẹnì kan ò kan ti ẹnì kejì. Láyé gidi, bí ẹnì kan bá dé Toronto, á pe ọ̀rẹ́ ẹ̀. Wọ́n lè tẹ̀ lé ara wọn lọ láàárín oṣù mẹ́fà. Nítorí náà, ewu gidi ju 1 nínú 16 lọ. Èyí ló jẹ́ kí ìwé ṣe pàtàkì: ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ dáadáa kì í gba físà.

Herbert Macaulay àti bọ́ǹdù

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ rò pé bọ́ǹdù ló máa yanjú ẹ̀. Wọ́n á ní kí máníjà fọwọ́ sí i pé òun ò ní kúrò fún ọdún méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á dá owó padà. Bọ́ǹdù wúlò níwọ̀nba. Àmọ́ ilé iṣẹ́ tuntun tó fẹ́ ẹ lè san gbèsè náà fún un. Bó bá sì dúró pẹ̀lú ìkanra, ara ẹ̀ nìkan ló dúró.

Èkó ti rí irú ọ̀rọ̀ yìí rí, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní 1890, ìjọba amúnisìn fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Plymouth, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Herbert Macaulay ni, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Ó padà sí Èkó ní 1893, wọ́n sì fi í ṣe sọ̀fíọ̀ tó ń wọn ilẹ̀ ìjọba. Owó tí wọ́n ń san fún un ò tó ti àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ní 1898, ó fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó dá dúró, ó ń ṣe iṣẹ́ sọ̀fíọ̀ fúnra ẹ̀.

Ìjọba tó sanwó ẹ̀kọ́ náà pàdánù. Ìlú wá ńkọ́? Nígbà tí Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, ọ̀kan lára àwọn olóyè Ìdẹ́jọ onífìlà funfun Èkó, bá ìjọba ṣẹjọ́ lórí ilẹ̀ Àpápá tí wọ́n gbà, Macaulay ló bá a lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920. Ní 1921, ilé ẹjọ́ Privy Council dá Olóyè Olúwa láre, wọ́n sì san £22,500 fún un gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn ilẹ̀. Ẹni tí ìjọba kọ́ ní ìwọnlẹ̀ ló dúró ti onílẹ̀.

Ohun méjì ni mo rí kọ́ níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹni tó bá rán èèyàn lọ kọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti ṣírò owó oṣù tó máa gbà nígbà tó bá dé, kí tíkẹ́ẹ̀tì tó jáde. Ìnáwó kan náà ni àwọn méjèèjì, wọn ò ṣeé yà sọ́tọ̀. Ìkejì, ìmọ̀ tó kúrò ní ilé iṣẹ́ kan ò tíì kúrò nílùú. Bí máníjà bá fi báǹkì kan ní Marina sílẹ̀ lọ sí òmíràn ní òpópónà kan náà, ilé iṣẹ́ ẹ̀ ló sunkún. Alert oníṣòwò Balógun á ṣì máa wọlé. Bó bá lọ pátápátá, gbogbo wa la jọ pàdánù.

Ohun tí a lè ṣe

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ IT, tàbí tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ gba àwọn yìí lọ́wọ́ mi:

1. Ẹ máa ṣírò ọdún márùn-ún, ẹ má ṣe ti ọjọ́ ìrajà nìkan. Ẹ ya dọ́là sọ́tọ̀ kúrò lára náírà.

2. Ẹ béèrè nípa ITF. Láti 1971 ni ìjọba ti dá owó ìkọ́ṣẹ́ yìí sílẹ̀. Òfin ní kí ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa dá ìdá 1 nínú 100 gbogbo owó oṣù tó ń san lọ́dún síbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ́ òṣìṣẹ́ wọn tí ìwé ẹ̀rí sì pé, wọ́n lè gba tó ìdajì ohun tí wọ́n dá padà. Owó yín ló wà níbẹ̀. Kí ẹ tó gé ẹ̀kọ́ kúrò, ẹ bi akáúńtáǹtì pé ṣé wọ́n ti béèrè fún un.

3. Kí ọjọ́ ìkọ́ni wà nínú ìwé ìṣúná pẹ̀lú ọjọ́ ìrìn-àjò. Bí máníjà bá máa padà ní ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n ti mọ ẹni mẹ́ta tó máa kọ́, àti yàrá tí wọ́n máa lò.

4. Kí wọ́n dá ẹni mẹ́ta yẹn wò. Ẹ fún olùkọ́ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan, kó pa fóònù. Bí iṣẹ́ bá lọ geere, ẹ̀kọ́ ti wọlé. Bí wọ́n bá ń wá a kiri, owó bàálù yín ṣì wà lórí ẹnì kan ṣoṣo.

5. Ẹ má rán ọ̀gá tó ku oṣù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì lọ, kí ẹ wá fi ẹni tó ń fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Èkó. Ẹ mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ ò nílò láti jẹ́ máníjà kí ẹ tó lo ìṣírò yìí. Ó bá ilé iṣẹ́ kékeré mu, ó bá ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Ìdúmàgbò mu, ó bá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ní wẹ́bùsáìtì kan mu. Ẹ wo ohun tí iṣẹ́ yín ò lè ṣe láìsí rẹ̀, kí ẹ sì bi ara yín pé: ta ló tún mọ̀ ọ́n? Bó bá jẹ́ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló wá sí yín lẹ́nu, ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹnì kejì ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí.